Lẹ́tà Òjé Láti Òkèèrè

Ẹni tí ó bá jókòó sí abẹ́ igi tí ó ń ka ìwé Yorùbá kì í sábà rántí pé òjé ni ọ̀rọ̀ tí ó ń kà kí ó tó di ohùn lẹ́nu òun. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ẹyọ lẹ́tà kan tí ó ní àmì lábẹ́ tí ẹnì kan kò kọ́kọ́ fín sí orí irin, tí a kò dà ní òjé, tí a kò kà lẹ́yọ lẹ́yọ, tí a kò dì sínú àpótí, kí ó tó gba orí òkun wá. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà wà ní òkèèrè, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá wà ní etí òkun níhìn-ín, wọn kò sì ní ilé ìdàlẹ́tà. Ohun tí àwọn tìhín bá béèrè, àti ohun tí àwọn tọ̀hún bá lè dà, àwọn méjèèjì ni ó pinnu bí èdè náà ṣe rí lójú títí di òní.

Àgbádárìgì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí etí òkun náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n lálejò papò dà ní oṣù kan náà, ọ̀nà kò sì là. Nítorí náà wọ́n wà ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Crowther ti tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, nínú èyí tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ní Àgbádárìgì ó tún wà ní àyíká ibi tí a gbé bí i, lẹ́yìn tí a ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ó sì ń gbọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn oníṣòwò tí ń sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè sí ìlú àwọn Ògù yìí.

Àwọn tí ó bá lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà ní Àgbádárìgì lónìí, èyí tí a parí ní 1845, a máa gbọ́ pé inú rẹ̀ ni a ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Róòmù jáde ní 1850 nígbà tí Crowther ti kúrò níbẹ̀, odidi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ní 1850 kan náà ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, sọ̀kalẹ̀ sí Àgbádárìgì. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde lábẹ́ àṣẹ ilé Smithsonian ní Washington ní 1858, nígbà tí gírámà Crowther ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1852. Èdè kan ṣoṣo, etí òkun kan ṣoṣo, ìlú méjì tí ó jìnnà sí ara wọn tí a ti ń to lẹ́tà rẹ̀: ìṣòro kan náà ni ó sì dé bá àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe pé ríránṣẹ́ sí òkèèrè fún ohun èlò onírin ṣàjèjì sí àwọn ará etí òkun náà. Kò sí èbúté fún ọkọ̀ ńlá níbẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó a dúró sí ojú agbami, àwọn atukọ̀ a fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá, wọ́n a sọ ẹrù kalẹ̀ sórí iyanrìn, kí wọn tó tún wà á kọjá ọ̀sà wọ inú ìlú. Ohun tí a bá sì ti fi wàhálà bẹ́ẹ̀ gbé wá, a kì í ṣàì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn tí ń rọ ìbọn ní Birmingham mọ̀ pé ìbọn tí ń bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní gígùn àti ìrísí tirẹ̀, àti pé èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kò ní tà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1548, nígbà tí ọba Pọtogí àti ilé Fugger ti ilẹ̀ Jámánì ṣe àdéhùn lórí ẹ̀gbà idẹ tí a ń pè ní manilla, ìwé àdéhùn náà ya ẹ̀gbà tí ń lọ sí Mina sọ́tọ̀ sí èyí tí ń lọ sí Guinea. Ẹ̀gbà náà kì í ṣe owó ìlú Àgbádárìgì, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ní apá ìlà-oòrùn ni ẹ̀gbà ti jẹ́ owó. Síbẹ̀ ohun tí ó fara hàn níbẹ̀ ni pé oníbàárà ní àṣẹ. Ó mọ bí idẹ ṣe yẹ kí ó wúwo lọ́wọ́, ó mọ bí ó ṣe yẹ kí ó dún, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dá a padà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ dídá padà yìí dání, nítorí ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà ti yàtọ̀ sí ẹ̀gbà.

Báwo ni a ṣe ń ṣe ẹyọ lẹ́tà kan? Oníṣẹ́ yóò mú ọ̀pá irin líle kékeré kan, yóò fín lẹ́tà náà sí orí rẹ̀ ní òdì, bí ẹni ń wo ojú nínú dígí. Irun orí lè tóbi ju àṣìṣe tí a lè gbà fún un lọ. Yóò fi iná mú kí irin náà le sí i, yóò wá gbá a wọ inú bàbà kí ojú lẹ́tà lè jìn sínú rẹ̀. Bàbà yìí ni a ń dè mọ́ ìdí àpótí irin kékeré kan, tí a ó sì da òjé yíyọ́ sí i. Òjé nìkan rọ̀ jù. Wọ́n a fi áńtímónì sí i kí ó lè le, wọ́n a fi tánńganran sí i kí ó lè ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ẹyọ lẹ́tà kan jáde. Gíga gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ara mu láìsí ìyàtọ̀ rárá, nítorí èyí tí ó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lu ìwé, èyí tí ó bá sì kúrú kò ní gba yíǹkì. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ yìí kò lè mọ ohun tí yóò fà yọ bí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kò bá là á yé e.

Kí wá ni Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ wo ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a fi ń kọjá ọ̀sà Àgbádárìgì, àti ọ̀kọ̀ tí ológun ń sọ. Lẹ́tà k kan náà ló wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ ọ ní oríṣi mẹ́ta: èyí tí kò ní àmì lórí, èyí tí àmì ohùn òkè wà lórí rẹ̀, àti èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí a bá yọ àmì abẹ́ kúrò, ọkọ di oko, ìyá ilé sì di ìyàwó àgbẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Àmì orí nìkan kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù. Àwọn Faransé ní é àti è, àwọn ará Spéènì ní á àti ó, àwọn ará Ítálì ní ì àti ò, ilé ìdàlẹ́tà tí ó bá ń ta ọjà fún wọn yóò ní i nílẹ̀. Èyí tí kò sí nílẹ̀ ni àmì abẹ́, pàápàá àmì abẹ́ pẹ̀lú àmì orí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ka ẹ kékeré àti ńlá ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di mẹ́fà. Ọ náà di mẹ́fà. Ṣ di méjì. Mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìnlá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Bí atẹ̀wé bá fẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta, tí ó sì fẹ́ èyí tí ó nàró àti èyí tí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin 84 ni ẹnì kan yóò jókòó fín, nítorí èdè tí kò tíì ní ju ìwé díẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a sọ ohun kan níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. A ti da ẹ àti ọ tí ó ní àmì lábẹ́ rí, ní igba ọdún gbáko ṣáájú Crowther. Ní 1651, àwọn àlùfáà Pápà ní Róòmù tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Vietnam tí Alexandre de Rhodes kọ. Àmì abẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ni àmì abẹ́ dúró fún nínú èdè Vietnam, kì í ṣe irú fáwẹ́lì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìdí fún wọn láti da ẹ́ tàbí ọ̀ sílẹ̀. Àkọtọ́ méjì tí kò mọ ara wọn bọ́ sí ojú àmì kan náà, àmì náà sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún yọjú kí ìtàn yìí tó parí.

Bí a bá tilẹ̀ rí owó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ààyè ń kọ́? Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè tí ó tún ní àmì nísàlẹ̀ ń fẹ́ ìjókòó tí ó ga. Póíǹtì 72 ni àwọn atẹ̀wé ń kà sí íǹṣì kan. Bí ojú ìwé bá ga ní íǹṣì 6, lẹ́tà tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ póíǹtì 10 yóò fún atẹ̀wé ní ìlà 43. Bí ó bá ní láti gbé ojú lẹ́tà kan náà lé ìjókòó póíǹtì 12 nítorí àmì, ìlà 36 ni yóò rí. Ìwé tí ì bá ní ojú ewé 200 yóò di nǹkan bí 239. Ẹni tí ń san owó bébà yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmì ohùn tí olùkọ́ èdè ń rí bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, owó ni lójú ẹni tí ń san owó ìtẹ̀wé.

Gíga lẹ́tà pàápàá ní ààlà tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń da lẹ́tà wọn ní gíga 0.918 íǹṣì, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílímítà 23.3. Ti àwọn Faransé jẹ́ mílímítà 23.56. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin mílímítà, bí ìwé méjì tí a gbé lé ara wọn. Ó dà bí ohun kékeré títí a ó fi rántí ibi tí Àgbádárìgì wà. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti pín etí òkun náà, àwọn Ògù wà ní ìhà méjèèjì ààlà Sẹ̀mẹ̀, Yorùbá sì wà ní Pọ̀tónófò gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Èkó. Bí atẹ̀wé ní Èkó bá ṣaláìní ọ, tí ó sì yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lo lẹ́tà Faransé ní òdì kejì ọ̀sà, lẹ́tà àyálò náà kò ní lè dúró nínú ìlà kan pẹ̀lú tirẹ̀. Yóò lu ìwé náà ya. Ní 1975 ni ilẹ̀ Benin tún yan ɛ àti ɔ fún àwọn èdè wọn, tí ohùn kan náà fi wá ní ojú méjì láàrin ìrìn wákàtí díẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò bá ti to lẹ́tà rí kò ní fura sí. Ilé ìdàlẹ́tà kì í ta lẹ́tà ní iye kan náà. Ó ní ìwé ìpín tí ó fi ń mọ iye a, iye e, iye k tí ó yẹ kí ó wà nínú àpótí kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ka iye náà. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ e rẹpẹtẹ, ó sì ń fẹ́ k díẹ̀. Yorùbá kò ní c, kò ní q, kò ní v, x tàbí z rárá, ṣùgbọ́n k, b, g, w àti n ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ bí iyọ̀ nínú òjò. Ẹni tí ó bá ránṣẹ́ láìka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́kọ́ yóò gba àpótí tí ìdajì rẹ̀ kò wúlò. Bí èyí tí ó wúlò bá sì tán ní àárín iṣẹ́, ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé. Ní 1852 ni ọkọ̀ onístíìmù tí ń gbé lẹ́tà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá déédéé láti Ìlú Ọba sí etí òkun yìí; ṣáájú ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ni ó ni ọjọ́.

Ìgbà tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí a ń tà á ní ọgọ́fà owó ẹyọ, irú ipò tí ilé ìtẹ̀wé ilẹ̀ yìí bá ara rẹ̀ nìyẹn, títí Ìfọ́lé ọdún 1867 fi pa á dé. Kí ni ẹni tí ń to lẹ́tà yóò ṣe bí ẹ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọjọ́ ìtẹ̀jáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀? Yóò fi e sí i. Òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n látinú ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ó rọrùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn ṣe ń dín kù láti ìwé dé ìwé. Crowther fúnra rẹ̀ fi àmì ohùn sí gírámà 1852, ó mọ̀ pé láìsí i ọ̀rọ̀ kò pé. Ìpàdé tí ó darí ní Èkó ní 1875 jókòó lórí àkọtọ́ yìí kan náà. Síbẹ̀ àmì abẹ́ nìkan ni ó dúró dáadáa nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ ìwé kíkà. Àmì ohùn di ohun tí a ń rí níbi tí ìtumọ̀ bá fẹ́ lọ́jú pọ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti wá ń sọ pé Yorùbá kò nílò àmì ohùn, pé àwọn baba ńlá kà á láìsí i. Wọ́n sọ ohun tí àpótí lẹ́tà ṣe di ohun tí èdè fẹ́.

Èyí ni ibi tí lẹ́tà ti yàtọ̀ sí ẹ̀gbà idẹ. Ẹni tí ń gba ẹ̀gbà ni yóò ná an, ó lè sọ pé kò dún dáadáa. Ẹgbẹ́ ìjíhìnrere ni ó ń san owó lẹ́tà, òǹkàwé sì ni ó ń lò ó. Òǹkàwé kò mọ orúkọ ilé ìdàlẹ́tà, kò mọ ọ̀nà tí yóò fi dá ọjà padà. Ohun tí ó bá dé ni yóò kọ́ láti fara mọ́. Ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹ wo àmì tí a ń fà sórí ã àti õ nínú ìwé àtijọ́, nínú ọ̀rọ̀ bí i ãnu àti õrùn: àwọn Pọtogí ti ní lẹ́tà méjèèjì tipẹ́, ilé ìdàlẹ́tà kò sì ní í gun òkè kí ó tó rí i. Nígbà tí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 pa á rẹ́, tí ó ní kí a kọ àánú àti oòrùn ní kíkún, àwọn àgbà kan ṣe bí ẹni pé a já nǹkan ìran wọn gbà.

Ẹ̀rọ tuntun kò gbà á sílẹ̀ bí a ti rò. Ní 1886 ni ìwé ìròyìn kan ní New York kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ Linotype tí Ottmar Mergenthaler ṣe, èyí tí ń da odidi ìlà ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú bọ́tìnnì 90 ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Kọ́ńsónáǹtì Yorùbá tí í ṣe ẹyọ lẹ́tà kan jẹ́ 17. Fáwẹ́lì méje ní ohùn mẹ́ta jẹ́ 21. N àti m tí ó gba àmì ohùn jẹ́ 4. Ìyẹn jẹ́ 42 fún lẹ́tà kékeré. Lẹ́tà ńlá jẹ́ 38 láìka n àti m alámì. Nọ́ńbà jẹ́ 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90 géérégé. Kò sí àmì ìdánudúró kankan níbẹ̀ o. Kò sì sí c tàbí v tí a ó fi kọ orúkọ àlejò. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, ọwọ́ ni oníṣẹ́ yóò fi máa kì í bọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí olóòtú sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ẹtì kò ní dúró de ọ̀kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àkókò àwọn tí ń tẹ ìwé àfọwọ́kọ wọn lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, tí wọ́n ń padà fi bírò kán gbogbo àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtùpà. Iṣẹ́ yẹn tó iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe é fún ojú ewé ọgọ́rùn-ún mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí èdè ní àmì àti kí irin ní in.

Lónìí kò sí òjé mọ́, ilé ìdàlẹ́tà ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní 1993, ẹ, ọ àti ṣ wọ inú Unicode, ìyẹn àkójọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, wọ́n sì gba nọ́ńbà tiwọn: 1EB9, 1ECD àti 1E63. Ẹ àti ọ ṣì jẹ́ lẹ́tà àwọn ará Vietnam nínú àkójọ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Róòmù ní 1651, àwọn Yorùbá sì ń bá wọn lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, a ó wá gbé àmì lé e lórí, kọ̀ǹpútà ni yóò sì so wọ́n pọ̀. Ibi tí àmì náà yóò jókòó sí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ya fọ́ǹtì náà, ní ìlú tí ó jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń fín ọ̀pá irin ní ayé Crowther. Bí kò bá sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí i pé ó nílò rẹ̀, àmì náà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó gun orí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Àgbádárìgì yóò wo fóònù rẹ̀, yóò rí ọ̀kọ̀ tí àmì rẹ̀ ti fò lọ sórí k, yóò sì pa àmì náà rẹ́ kí ó lè mọ́ lójú.